Ejò, Òṣùmàrè àti Ejò Idẹ

Bí olùkọ́ bá dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí ó sì bi wọ́n léèrè pé, "Kí ni ejò dúró fún?" kò sí àníàní pé ohùn kan náà ni gbogbo wọn yóò fi dáhùn pé, "Èṣù ni." Wọ́n ti kọ́ ọ nínú ìtàn Ádámù àti Éfà, wọ́n sì ti rí i nínú àwòrán ara ògiri ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí ejò ti wé mọ́ igi, tí ó sì yọ orí sí obìnrin náà. Èmi kò wí pé ìdáhùn náà burú. Ohun tí mo fẹ́ kí a bi ara wa ni pé, báwo ni ìdáhùn náà ti pẹ́ tó ní ilẹ̀ wa? Bí a bá bi àgbàlagbà kan ní ìbéèrè yìí ní Kábà, tàbí ní Ìjùmú, tàbí ní Bùnú, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, kì bá tí dá wa lóhùn bẹ́ẹ̀. Ó mọ ejò dáadáa, nítorí pé àgbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un pé ejò àti Èṣù, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Èṣù tí àwọn baba ńlá Yorùbá mọ̀, oníbodè ni, ìránṣẹ́ sì ni láàrin ọ̀run àti ayé. Oríta ni ibùjókòó rẹ̀, yangí ni àmì rẹ̀, epo pupa ni wọ́n sì máa ń ta sí i lórí. Kò wé mọ́ igi, bẹ́ẹ̀ ni kò fi àyà wọ́. Inú Bíbélì ni ejò àti Èṣù ti pàdé ní èdè wa. Ìwé Ìfihàn, orí 12, ẹsẹ 9, so gbogbo orúkọ wọ̀nyí pọ̀ ní gbólóhùn kan: dírágónì, ejò àtijọ́, Èṣù, Sátánì. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ parí ìtumọ̀ wọn, tí odindi Bíbélì sì wà ní èdè Yorùbá ní 1884, ìsopọ̀ náà di ti gbogbo ẹni tí ó lè kàwé. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ó ti dé etí àwọn kan ṣáájú ọdún náà. Nítorí pé James Thomas, ọmọ Bùnú tí a kó lẹ́rú, tí a dá sílẹ̀, tí ó sì di onígbàgbọ́ ní Sierra Leone, ti ń wàásù ní Gbẹ̀bẹ̀, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, láti 1858. Ṣùgbọ́n ejò ti wà nínú ẹ̀sìn àwọn ènìyàn dúdú ṣáájú ọjọ́ wọ̀nyí, ibi tí wọ́n sì fi í sí yàtọ̀ pátápátá sí ibi tí a fi í sí lónìí. Bí a bá mú ìdáhùn ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi lọ ka ìtàn wọn, a óò ṣì í kà.

Yorùbá kò fi ojú kan ṣoṣo wo gbogbo ejò. Ọká, paramọ́lẹ̀, sèbé, àgbàdú, ère: olúkúlùkù ni ó ní orúkọ àti ìwà tirẹ̀ lẹ́nu àgbẹ̀ àti ọdẹ. Bí ẹ̀tàn bá farapamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, a máa ń wí pé ejò lọ́wọ́ nínú. Bí ìyapa bá wà láàrin àwọn ọmọ ìyá, àgbà a ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà, pé bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí ère sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n? Ẹ kíyè sí òwe kejì yìí dáadáa. Ẹni tí ń pa á kò bú ejò. Àánú rẹ̀ ni ó ń ṣe é, ó sì fi í ṣe àpẹẹrẹ ara rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Òkun, láàrin àwọn Owé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Òwòrò, ebora ni ó gba iwájú nínú ẹ̀sìn àtijọ́. Orí àpáta, inú igbó àti etí odò ni ibùgbé wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ibi tí a ti kọ́ ilé fún ejò, tí a sì yan àwòrò fún un, yóò ní láti kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó sì rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ, ẹ jẹ́ kí a gbé ojú sókè, nítorí pé ojú ọ̀run ni ejò Yorùbá tí ó tóbi jù lọ wà.

Òṣùmàrè ni. A. B. Ellis, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí ìwé rẹ̀ nípa àwọn Yorùbá jáde ní 1894, ròyìn ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn: pé ejò ńlá abẹ́ ilẹ̀ ni òṣùmàrè, tí ó máa ń jáde wá mu omi lójú ọ̀run, àti pé ère ni ìránṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà sì sọ pé ẹni tí ó bá rí imí òṣùmàrè he, ìṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ọlọ́rọ̀ ni yóò dà. Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ sáyẹ́ǹsì mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó wọ inú ẹ̀kán òjò ni ó ń pín sí àwọ̀ méje. Èyí kò dí wa lọ́wọ́ láti rí ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ó sọ ìtàn náà. Ohun tí ó so omi òkè pọ̀ mọ́ omi ilẹ̀ ni wọ́n ń wá, ohun tí ó gùn, tí ó tẹ̀, tí ó dán, tí ó ń wá ní ìdákẹ́jẹ́ tí ó sì ń lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Nínú gbogbo ẹ̀dá, èwo ni ó tún jọ bẹ́ẹ̀?

Àwọn Fọ̀n, aládùúgbò wa ní ìwọ̀-oòrùn Kétu, ń pe ejò yìí ní Dan. Lẹ́nu wọn ni a ti gbọ́ pé ejò òṣùmàrè tí ń jẹ́ Aido-Hwedo ká ara rẹ̀ sábẹ́ ayé láti gbé e ró, àti pé bí ara bá ni í, tí ó bá sún díẹ̀, ilẹ̀ a mì. Ọrọ̀ àti ire ni wọ́n ń retí lọ́dọ̀ Dan gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń retí rẹ̀ lọ́dọ̀ òṣùmàrè. Wọ́n tilẹ̀ ní ìtàn ìbílẹ̀ kan pé ọba wọn àtijọ́ pa ìjòyè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dan, ó sì kọ́ ààfin lé ikùn rẹ̀ lórí, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ Dàhòmì ti wá, èyí tí í ṣe "inú ikùn Dan".

Ṣùgbọ́n etíkun ni ibi tí ejò ti jẹ́ òrìṣà gbogbo ìlú. Ìjọba kékeré kan wà níbẹ̀ tí í ṣe ti àwọn Xweda. Sávì ni olú-ìlú wọn, Ouidah sì ni ibi tí òwò wọn ti ń bá òkun pàdé. Ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ibi díẹ̀ ni ó wà ní gbogbo etíkun náà tí òwò ẹrú ti gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Faransé wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, Potogí àti ará Holland sì ń bọ̀ níbẹ̀. Dàngbé ni orúkọ òrìṣà náà. Ère kékeré aláìlóró ni, tí ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bí ẹ̀rù bá bà á. Ó ń wọlé, ó ń jáde; ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e, kí a má tíì sọ pé kí a nà án. Bí òjò kò bá rọ̀, Dàngbé ni. Bí ohun ọ̀sìn bá ń kú, Dàngbé ni. Bí ọ̀rọ̀ ìlú bá le, Dàngbé náà ni.

Willem Bosman, ará Holland kan tí ó ṣòwò ní etíkun wa, tẹ ìwé kan jáde ní 1704 tí ó kún fún ọ̀rọ̀ ejò yìí. Ó sọ pé ní 1697, ejò kan bu ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ, ẹlẹ́dẹ̀ náà sì yíjú padà, ó gbé ejò náà mì lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn àwòrò gbé ẹjọ́ lọ síwájú ọba. Ọba pàṣẹ kí a pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ náà, àwọn ènìyàn sì tú jáde pẹ̀lú idà àti kùmọ̀ láti mú àṣẹ ṣẹ. Ó tún sọ pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dé ibẹ̀ láti ṣòwò, wọ́n rí ejò nínú ilé wọn ní òru, wọ́n sì pa á bí wọn ì bá ti pa ejò mìíràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará ìlú pa wọ́n, wọ́n sì sun ilé àti ẹrù wọn. Láti ìgbà náà lọ, òyìnbó tí ó bá dé sí Ouidah ni a kọ́kọ́ máa ń kìlọ̀ fún nípa ejò.

Ẹ̀rín ni Bosman ń rín bí ó ti ń kọ ìtàn ẹlẹ́dẹ̀ náà, ẹni tí ó bá sì kà á yóò rín pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a rántí iṣẹ́ tí ó gbé e dé ibẹ̀. Ènìyàn ni ó ń rà. Ó ń ka àwọn tí kò jẹ́ pa ejò sí òmùgọ̀, ó sì ń ka eyín àti egungun àwọn ọmọ ẹlòmíràn kí ó tó san owó lé wọn lórí. Mo rò pé ó yẹ kí olùkọ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì gíga.

Nígbà tí ó yá, ogun dé. Àgájá, ọba Dàhòmì, ti kó Allada ní 1724. Ní 1727 ó kọjú sí Sávì. Omi kan wà ní ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbọ́dọ̀ là kọjá, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ tí ó bá dúró gírí sì lè fi ibẹ̀ dá ogun ńlá dúró. William Snelgrave, Gẹ̀ẹ́sì onísòwò ẹrú kan, gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré lẹ́yìn ìjà náà, ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1734. Ó ní dípò kí àwọn ará Sávì fi ọmọ ogun ṣọ́ ọ̀nà omi náà, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ rúbọ sí ejò wọn ní etí odò, tí wọ́n bá sì ti rúbọ tán, wọ́n a padà sílé. Àwọn ará Dàhòmì là á kọjá. Nígbà tí wọ́n wọ inú ìlú tí wọ́n rí ejò nínú ilé gbogbo, wọ́n di àwọn ejò náà mú ní agbede méjì ara, wọ́n gbé wọn sókè, wọ́n ní bí wọ́n bá í ṣe ọlọ́run, kí wọ́n fọhùn, kí wọ́n sì gba ara wọn là. Ejò kò fọhùn. Wọ́n gé orí wọn, wọ́n yan wọ́n lórí iná, wọ́n sì jẹ wọ́n.

Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 6, yóò rántí Jóáṣì baba Gídíónì, ẹni tí ó wí pé bí Báálì bá í ṣe ọlọ́run, kí ó gbèjà ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wu oníwàásù láti mú ìtàn méjèèjì wọ̀nyí so mọ́ra. Kí ó ṣọ́ra. Àwọn tí ó yan ejò jẹ ní Sávì kò wá láti wó ère òrìṣà. Wọ́n wá kó ènìyàn ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Sávì ni a pa tàbí tí a mú lẹ́rú ní ọjọ́ náà, Snelgrave fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó ra lára wọn. Ìdí mìíràn sì wà tí ìlú náà fi ṣubú, èyí tí a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rín ejò bò mọ́lẹ̀. Ọba wọn, Huffon, àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kò rẹ́ mọ́; olúkúlùkù ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, àwọn onísòwò òyìnbó sì ń gbè sẹ́yìn ẹni tí ó bá wù wọ́n. Àìrìnpọ̀ ni ó jẹ wọ́n níyà. Bí ìlú bá ti pín báyìí, ta ni yóò rán ọmọ tirẹ̀ lọ sùn sí etí odò?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó yà mí lẹ́nu jù. Dàhòmì tí ó jẹ ejò náà kò fi òfin dá ìsìn rẹ̀ dúró. Àṣà ìjọba náà ni láti gba òrìṣà ìlú tí ó bá kó mọ́ra, kí ó sì fi wọ́n sábẹ́ àkóso ọba. Nítorí náà Dàngbé tún jókòó ní Ouidah, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ilé ejò náà ṣì wà ní àárín ìlú, àwọn ère kékeré ń wọ́ kiri nínú rẹ̀, àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè sì ń sanwó láti fi wọ́n kọ́ ọrùn kí a ya àwòrán wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá dojú kọ ọ́ gan-an, ìta gbangba kan ṣoṣo ni ó là wọ́n láàrin.

Láti etíkun Ouidah yìí ni a ti kó ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ sọdá òkun, ní gbogbo ìgbà tí òwò náà fi wà. Wọn kò lè gbé ẹrù dání, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè gba ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Ní Haiti, Dan di Danbala, ìyàwó rẹ̀ ni Ayida Wèdo, òṣùmàrè. Nígbà tí àwọn ọ̀gá wọn fi ipá mú wọn wọ ìjọ Àgùdà, wọ́n wo àwòrán àwọn ẹni mímọ́ tí a gbé kọ́ sára ògiri, wọ́n rí Patrick Mímọ́ ti ilẹ̀ Ireland tí ejò wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì wí nínú ara wọn pé, Danbala nìyí. Ìtàn tí àwọn ará Ireland ń sọ ni pé Patrick lé gbogbo ejò kúrò ní erékùṣù wọn; ejò tí ń sá lọ ni ayàwòrán yà. Àwọn ẹrú Haiti rí ejò tí ń bọ̀ wá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní Brazil ẹ̀wẹ̀, Òṣùmàrè kò yí orúkọ padà. Ilé òrìṣà àtijọ́ kan tí ó lókìkí ní ìlú Salvador ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Kí a padà sí ilẹ̀ Nàìjíríà, sí ẹnu odò Ọya. Ní Nembe àti ní Brass, ère jẹ́ ohun ọ̀wọ̀. Bí ó bá wọ ilé oníṣòwò òyìnbó lọ, tí òyìnbó sì pa á, ọjà a tú, ìjà a bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìjòyè ibẹ̀ ní ọjọ́ 17 Oṣù Kọkànlá, 1856, pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan kò gbọdọ̀ pa irú ejò náà. Bí ó bá rí i ní àgbàlá rẹ̀, kí ó ránṣẹ́ sí olórí Twon, kí ó wá gbé e lọ. Mo fẹ́ràn láti ka ìwé yìí, nítorí pé ó fi hàn pé ní 1856, ní ibi tí epo pupa ti ń ti ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wá, òfin ọmọ ilẹ̀ ni òyìnbó ń tẹ̀ lé. Kì í ṣe ìfẹ́ ejò ni ó mú wọn fọwọ́ sí i.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ní 1868, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní Brass. Ó bá òfin náà níbẹ̀. Kò fi ogun jà á, kò sì gbé ẹgbẹ́ ọmọ ogun wá. Ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ó sì fi àwọn olùkọ́ síbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀wọ̀ ejò ń dín kù láàrin àwọn tí ó gbàgbọ́, Ọba Ockiya pàápàá sì kó àwọn òrìṣà rẹ̀ fún Bíṣọ́ọ̀bù, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1879. Ní Bonny, awọ́nríwọ́n ni ó wà ní ipò tí ejò wà ní Brass. Ní ọjọ́ Àjíǹde, 1867, a kéde níbẹ̀ pé awọ́nríwọ́n kì í ṣe ohun mímọ́ mọ́, pípa ni wọ́n sì ń pa wọ́n káàkiri ìgboro. Ìtàn Bonny yára, ó sì dùn ún sọ. Ti Brass lọ́ra, èmi sì rò pé òun ni ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni máa wò, nítorí pé ẹni tí a kọ́ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun tí ó gbé sílẹ̀.

Nínú ìwé Bosman tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà kan wà tí ará Holland mìíràn, David van Nyendael, kọ nípa ìlú Benin ní 1702. Ó rí ilé ìṣọ́ gíga kan lórí ẹnu ọ̀nà ààfin Ọba, ejò ńlá kan tí a fi bàbà rọ sì wà lórí rẹ̀ tí ó da orí kodò, bí ẹni pé ó ń bọ̀ wá sílẹ̀. Ó yin iṣẹ́ náà, ó ní kò tíì rí ohun tí ó dára tó o ní Benin. Ìránṣẹ́ Olókun ni àwọn ọmọ Ẹdó ń pe ère. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó Benin ní 1897, wọ́n kó orí àwọn ejò idẹ bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ìyókù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó bọ́ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó.

Ejò idẹ lórí ilé ọba: èyí gbé wa dé Íjíbítì. Fáráò kì í dé adé kí ejò má sí níwájú orí rẹ̀. Nígbà tí Howard Carter ṣí ibojì Tutankhamun ní 1922, tí ó sì wá kan ìbòjú wúrà ọba náà lẹ́yìn náà, ejò wà níwájú orí ìbòjú náà, tí ó gbé orí sókè, tí ó sì fẹ ọrùn, gẹ́gẹ́ bí sèbé ti máa ń ṣe bí ó bá fẹ́ bu ènìyàn jẹ. Òun ni ààbò ọba. Bí a bá mọ èyí, Ẹ́kísódù orí 7 a di ọ̀tun lójú wa. Ọ̀pá Árónì di ejò, ó sì gbé ọ̀pá àwọn pidánpidán mì, níwájú ẹni tí ó de ejò mọ́ orí ara rẹ̀. Kò sí ará Íjíbítì kan ní ààfin náà tí kò mọ ohun tí a ń bá ọba wọn sọ.

Àwọn Gíríìkì ní tiwọn fi ejò ṣe àmì ìwòsàn. Asklepios ni òrìṣà ìṣègùn wọn, ọ̀pá tí ejò kan ṣoṣo lọ́ mọ́ sì ni àmì rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wọ Róòmù ní 293 ṣáájú ìbí Olúwa wa, àwọn ará ìlú náà ránṣẹ́ sí Epidaurus. Wọ́n ní ejò mímọ́ kan bá àwọn ìránṣẹ́ wọ ọkọ̀ padà, ó sì sọ̀ sí erékùṣù kan láàrin odò Tiber. Ilé ìwòsàn wà ní erékùṣù náà di òní. Àjọ Ìlera Àgbáyé tí a dá sílẹ̀ ní 1948 mú ọ̀pá náà fi ṣe àmì rẹ̀, nítorí náà ni a fi ń rí i lára àpótí oògùn àti ọkọ̀ àwọn alábẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń wá sí abúlé wa. Ìyá àgbà kan tí kò kàwé lè béèrè pé kí ni ejò ń wá lára oògùn ọmọ. Ìbéèrè rere ni.

Ìdáhùn tí ó sún mọ́ wa jù wà nínú Númérì orí 21. Ejò olóró ń bu àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ ní aginjù, wọ́n sì ń kú. Olúwa kò kó ejò náà kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí Mósè rọ ejò, kí ó gbé e kọ́ orí ọ̀pá, kí ẹni tí a bá bu jẹ sì wò ó, yóò yè. Ní 1969, àwọn tí ń walẹ̀ ní àfonífojì Timna, níbi tí a ti ń wa bàbà láti ìgbà àtijọ́ ní gúúsù Ísírẹ́lì, rí ejò bàbà kékeré kan nínú ibi ìjọsìn kan, tí a fi wúrà bo orí rẹ̀. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún lọ. Kì í ṣe ejò Mósè, kò sì gùn ju ọwọ́ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n a mọ̀ wàyí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ àwọn ará aginjù náà ní àwọn ọjọ́ tí ó jìnnà bẹ́ẹ̀.

Mósè kú, ejò idẹ náà kò sì nù. Wọ́n gbé e dé ilẹ̀ ìlérí, wọ́n sì pa á mọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, títí di ìgbà Ọba Hesekíà, ní nǹkan bí 700 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa. Nígbà náà àwọn ènìyàn ń sun tùràrí sí i. Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 18, ẹsẹ 4, ni ó sọ pé Hesekíà fọ́ ọ túútúú, orúkọ rẹ̀ sì ni Nehuṣtani. Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí í ṣe ejò àti èyí tí í ṣe idẹ jọ ara wọn bí ìbejì, orúkọ náà sì kó àwọn méjèèjì mọ́ra. Kì í ṣe ọwọ́ abọ̀rìṣà ni ohun tí ó fọ́ yìí ti wá. Ọwọ́ Mósè ni, Ọlọ́run ni ó sì pàṣẹ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí igi ọgbà Édẹ́nì, èyí tí mo gbọ́ lórí Nehuṣtani kò pé mẹ́ta.

Olúwa wa fúnra rẹ̀ kò gbàgbé ejò náà. Ní òru tí Nikodémù tọ̀ ọ́ wá, ejò tí Mósè gbé sókè ní aginjù ni ó mú ṣe àpẹẹrẹ bí a óò ti gbé Ọmọ ènìyàn sókè. Orí kẹta ìwé Jòhánù ni ó wà. Ẹsẹ 16 orí náà ni àwọn ọmọ wa ń kà lórí láìwòwé. Ẹsẹ 14 ni ti ejò.